Ògiri Tó Bo Oòrùn

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ka ọ̀rọ̀ náà sí mi létí. Ó ń kọ́ nípa bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá orílẹ̀-èdè lò ní yunifásítì, ó sì máa ń kàwé sókè tí mo bá ń fọ aṣọ àwọn oníbàárà mi.

"Màmá àgbà, ẹ gbọ́. Wọ́n ní kò sí ọba lórí àwọn orílẹ̀-èdè, kálukú ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ má wo ohun tó wà lọ́kàn aládùúgbò yín. Agbára ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò."

"Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ń sanwó iléèwé? Alákàn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi àti gbẹ́nàgbẹ́nà tí a jọ pààlà náà ò lọ́ba. Onílé wa ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn ṣẹjọ́. Ògiri tí kò ga ju orúnkún lọ ló là wá láàárín. Oòrùn àárọ̀ ń gba orí rẹ̀ wá mú aṣọ mi gbẹ, ti ìrọ̀lẹ́ ń gba ibẹ̀ lọ mú pákó gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọkọ̀ já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Mo kà á: ogójì. Mi ò bi í léèrè, ìwé ti ní kí n má wo ọkàn. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí bíríkìlà fi ìlà mẹ́ta kún ògiri.

Gbẹ́nàgbẹ́nà jáde, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. "Ìyá, ṣé kò sí o?"

"Ààbò ni."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Mo padà sídìí ọpọ́n ìfọṣọ mi. Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀, èmi kọ́ ni mo sì ń sá fún.

Ó fi ìlà mẹ́ta lé tèmi lórí. Mo fi ìlà kan sí i, òun náà fi ìlà kan. Ògiri kan náà ni àwa méjèèjì ń mọ síra wa. Nígbà tó ga jù mí lọ, mo da ọpọ́n dojú bolẹ̀, mo gùn ún kí n lè yọjú. Ìdí tí Ọlọ́run fún mi kì í ṣe ìdí tí ń gun nǹkan. Ọpọ́n fọ́, mo jókòó sínú omi ọṣẹ.

"Ìyá! Ṣé ilé wó ni?"

"Ó kù díẹ̀!"

Ògiri ti bo oòrùn. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan tí mo máa ń bá fọṣọ fi gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ padà wá. "Màámá, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Tí kò bá gbẹ lọ́la, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọṣọ ni mò ń lọ."

Oníbàárà méjì ti lọ ṣáájú. Tí nọ́ọ̀sì bá lọ, gbogbo ilé ìwòsàn á tẹ̀ lé e, ebi á sì wá kí mi. Mo gba ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Ilẹ̀kùn tuntun mẹ́rin fara ti ògiri níbẹ̀, gbogbo wọn ti ká kò bí ewé gbígbẹ, torí pákó wọn ò rí oòrùn ìrọ̀lẹ́ mọ́.

"Búlọ́ọ̀kù ogójì yẹn, kí lo fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Ilé adìyẹ, Ìyá. Mo tiẹ̀ fẹ́ máa fún yín lẹ́yin."

Mo wá ibi jókòó. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bèèrè. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dé tí ẹ mọ ògiri?"

"Ọmọ ọmọ mi ló kà á níwé."

Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. "Ìwé adìyẹ?"

Ẹ̀rín pa mí débi tí mo fẹ́ tọ̀ sára. Síbẹ̀, nígbà tí mo ní kó wó tìrẹ, ó ní kí n kọ́kọ́ wó tèmi. Ọmọ ọmọ mi ló wá là wá: ẹyọ kan fún ẹyọ kan, kí òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí òun máa kà á. Símẹ́ǹtì tí bíríkìlà fi mọ ọ́n kò tó, kò le. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé ọ̀kan, mo gbé ọ̀kan. Mo gbé ọ̀kan, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Nígbà tó ku ìlà méjì, mo ní ó rẹ̀ mí, òun náà ní ó rẹ òun. Kò sẹ́ni tó gba ẹnì kejì gbọ́.

Oòrùn gba orí ìlà méjèèjì kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì dé, ó ti imú bọ apá aṣọ rẹ̀, ó fà á símú.

"Ó gbẹ," ó ní. Ó já ẹrù aṣọ mìíràn sílẹ̀, ó tẹ̀ lé ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀.