Ohun Tí Sẹ́lótéèpù Bò

Láyé ìgbà tí ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí àwọn ológun wà lórí àlééfà tí ojú mẹ̀kúnnù sì ń rí màbo, bí ẹnikẹ́ni ní Ìsọ̀kokò, ní Agége, bá ra rẹ́díò láì kọ́kọ́ bi Nùréènì, ara rẹ̀ ló ṣe. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Nùréènì fi jókòó nídìí tábìlì ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran, ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń to tẹlifíṣàn. Ìgbà tí náírà yẹ̀pẹ̀rẹ̀, tí àwọn èròjà inú tẹlifíṣàn kò wọ̀lú mọ́, wọ́n ní kí òun àti igba èèyàn máa lọ sílé. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹnu rẹ̀ síbẹ̀. "Original" ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé kí èèyàn tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tán ni Nùréènì á ti yọ ṣùtì: "Èyí kì í ṣe original."

Kò sí ohun tí wọ́n ń tan iná sí tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ lórí rẹ̀. Ó ní tẹlifíṣàn tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n tà fún yín. Ó ní rìmóòtù máa sọ àwọn baálé ilé di ọ̀lẹ. Ó ní àwo pẹlẹbẹ tó ń dán yìí, tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orin sí, kò ní pẹ́ lé kásẹ́ẹ̀tì kúrò nígboro, pé orin á di nọ́ńbà lásán tí ẹ̀rọ á máa kà jáde. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ohun tó kàn ń bí èèyàn nínú ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jóòótọ́. Ó ti ń jóòótọ́ tipẹ́ débi pé Nùréènì kì í bi ara rẹ̀ léèrè mọ́ kó tó lanu.

Ìyá Jọkẹ́ ló ni ilé tó ń gbé. Opó ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti ta aṣọ títí tó fi kọ́lé sí Agége. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Nùréènì, obìnrin yìí ló ṣí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé fún un. Ó ní, "Jókòó síbẹ̀ kí o máa tún rẹ́díò ṣe. Bí ayé bá rọ̀, a óò jọ sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ owó kankan lórí ṣọ́ọ̀bù náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Jọkẹ́ bí. Jọkẹ́ ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà, kò sì ní ìwé ìgbélùú. Bó bá fi lè jáde, kò ní lè wọlé padà. Ojú ìyá rẹ̀ sì ń lọ. Ti òsì ti kú pátápátá, ti ọ̀tún ń tẹ̀lé e, dókítà sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé òun kò rò pé yóò fi ojú náà rí ìparí ọdún. Nígbà tí ó gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí Jọkẹ́. Kò béèrè owó, kò béèrè aṣọ. "Mo fẹ́ rí ọ kí ojú mi tó di. Fọ́tò kò tó mi. Mo fẹ́ rí bí o ṣe ń rìn, bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín."

Oṣù kẹta ọdún ni ẹnì kan tó ti Amẹ́ríkà dé mú kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wá. Lẹ́tà kékeré wà lára rẹ̀: "Màmá, mo yá kámẹ́rà níbi iṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ẹ wò ó títí dé òpin o."

Nùréènì nìkan ló ní fídíò nínú ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, pálọ̀ rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ìyá Jọkẹ́ wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ, ó ní kí wọ́n fa àga òun sún mọ́ tẹlifíṣàn títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Nùréènì sọ ìwàásù díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fídíò, ó sì tẹ bọ́tìnì.

Ohun tó yọ kò ṣeé wò. Ìlà dúdú ń yí láti òkè wá sísàlẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ya bí aṣọ gbígbó, kò sí àwọ̀, kò sí ojú ẹnikẹ́ni. Ohùn tó jáde wúwo, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó dà bíi ti ọkùnrin tó mu ọtí yó.

Ìyá Jọkẹ́ ní, "Ohùn ọmọ mi kọ́ nìyẹn."

Nùréènì yọ kásẹ́ẹ̀tì. Ó fi sípíríìtì nu irin tí fídíò fi ń ka téèpù, ó dá a padà. Bákan náà ni. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sí i, àwòrán mọ́ gaara. Ó wá gbé àyà síwájú bíi dókítà.

"Màmá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú ló pa á. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn. Téèpù yìí ti kú."

"Ṣé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i ni, Nùréènì?"

"Kò sí, Màmá. Ẹ sọ fún Àǹtí Jọkẹ́ kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Ta ni ì bá jà á níyàn? Àwọn èèyàn dìde níkọ̀ọ̀kan. Ìyá Jọkẹ́ ló dìde kẹ́yìn, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ lọ́wọ́ Nùréènì, bóyá ó ṣì lè rí ọgbọ́n dá sí i.

Ọgbọ́n tó dá rèé. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan ní Sùúrùlérè tí gbogbo Èkó ń retí, Nùréènì kò sì ní kásẹ́ẹ̀tì tó ṣófo. Ó wo ti Jọkẹ́. Original ni, ọmọ Japan. Ó ní àwòrán ló kú, téèpù fúnra rẹ̀ kò kú, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí irú ẹ̀ máa ṣòfò. Ó fi í sínú fídíò, fídíò kọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó rí i pé wọ́n ti ṣẹ́ ike pẹlẹbẹ tó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, ihò ló kù. Bí ike yẹn kò bá sí, kò sí fídíò tó máa gbà kí wọ́n kọ nǹkan mìíràn lé e. Ọ̀nà àbáyọ sì rọrùn, gbogbo ẹni tó ní fídíò ló mọ̀ ọ́n. Nùréènì fi eyín já sẹ́lótéèpù, ó fi bo ihò náà, ó sì gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tó wò ó tán, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún Ìyá Jọkẹ́. Kò sọ ti bọ́ọ̀lù. Ìyá náà fi ìṣẹ́tí ìró nù ún, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ní bó bá kú, ó kú, ọwọ́ Jọkẹ́ ṣáà kàn án.

Jọkẹ́ kọ̀wé pé òun máa tún kámẹ́rà yá, òun sì ń wá ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ó ń wá a títí òjò fi dáwọ́ dúró. Nígbà tó máa di oṣù kọkànlá, Ìyá Jọkẹ́ ti ń fi ọwọ́ wá ògiri kó tó jáde síta.

Oṣù yẹn náà ni olówó kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Akínfẹ́nwá ránṣẹ́ pe Nùréènì sí GRA, àdúgbò àwọn ọlọ́lá ní Ìkẹjà. Ọ̀gá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, ó ń fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé ọ̀pá eriá tẹlifíṣàn sókè. Nùréènì ń to wáyà lẹ́yìn tẹlifíṣàn nígbà tí ọ̀gá ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ fídíò. Ìlà dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwòrán ń ya. Ohùn ọ̀mùtí ń wọ́ nílẹ̀.

Ẹ̀rín pa Nùréènì. "Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Téèpù yín ti kú. Ẹ̀rọ pápákọ̀ òfurufú ló..."

Ọ̀gá Akínfẹ́nwá kò tiẹ̀ wò ó. Ó na ọwọ́, ó ti bọ́tìnì kékeré kan lára fídíò.

Àwòrán dúró. Àwọ̀ wọlé. Obìnrin kan tó wọ aṣọ pupa ń gé kéèkì, ó ń rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete.

"Téèpù Amẹ́ríkà ni," ni ọ̀gá wí. "Bí wọ́n ṣe ń kọ àwòrán tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Fídíò tó gbọ́ méjèèjì ló lè kà á. Ìwọ tí wọ́n ní o mọ gbogbo ẹ̀, o ò mọ ìyẹn?"

Wáyà bọ́ lọ́wọ́ Nùréènì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Ọdún mọ́kànlá nídìí tẹlifíṣàn! Ojú Ìyá Jọkẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ojú kan tó kù nígbà náà, bó ṣe là á sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Lẹ́yìn náà ló rántí ike tí wọ́n ṣẹ́. Ta ló ń ṣẹ́ ike ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì bí kò ṣe ẹni tí kò fẹ́ kí ọwọ́ kankan ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́? Jọkẹ́ ti fi ìka ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Òun, Nùréènì Original, ló wá fi sẹ́lótéèpù bò ó.

"Yéè!" ló ké. "Mo gbé!"

Nígbà tí Ọ̀gá Akínfẹ́nwá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí, ó pe dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ìyá náà wá.

Ìyá Jọkẹ́ wà níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ wá òkúta jáde nínú ẹ̀wà. Nùréènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn.

"Màmá, téèpù Jọkẹ́ kò kú. Èmi ni mo pa á."

Ọwọ́ ìyá náà dúró nínú ẹ̀wà. "O pa á báwo?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti bọ́tìnì GRA, ó sọ ti bọ́ọ̀lù, ó sọ ti sẹ́lótéèpù. Ìyá Jọkẹ́ kò pariwo.

"Ta ló borí?"

"Màmá?"

"Bọ́ọ̀lù tí o kọ lé ọmọ mi lórí. Ta ló borí?"

"Ọ̀mì ni, Màmá." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Bọ́ọ̀lù yẹn kò gba téèpù náà tán. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀."

Ìyá náà gbọn ọwọ́ nù, ó wọlé, ó mú kásẹ́ẹ̀tì jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò gbé e fún Nùréènì. Títí wọ́n fi dé GRA, òun fúnra rẹ̀ ló dì í mú sí àyà.

Wọ́n sáré yí bọ́ọ̀lù náà kọjá. Ìgbà tó parí, funfun ṣú bo tẹlifíṣàn, ó ń hó yàà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ti bọ́tìnì, Jọkẹ́ sì yọ.

Ìyá rẹ̀ dìde fìrì lórí àga. Ohùn ọmọ rẹ̀ ni.

"...bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ ti rí yàrá mi, ẹ ti rí ibi tí mo ti ń se oúnjẹ, ẹ ti rí bí mo ṣe ń rìn, mo tiẹ̀ ti jó fún yín. Ìwọ̀nba téèpù tó kù yìí, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Màá kàn dúró kí ẹ lè wo ojú mi dáadáa. Ẹ máa wò mí o, Màmá."

Ó dákẹ́. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Kò sí ohùn nínú tẹlifíṣàn mọ́.

Ìyá Jọkẹ́ yí etí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. "Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé ó ti lọ ni?"

"Kò lọ, Màmá," ni Nùréènì wí. "Ó dúró. Ẹ̀yin ló ń wò." Ó fẹ́ fi kún un pé bóyá kí wọ́n tún un yí padà, pé ó rò pé, pé lójú tòun...

Ìyá náà nawọ́ wá èjìká rẹ̀ títí ó fi rí i, ó dì í mú.

"Nùréènì, má sọ ohun tí o rò. Ohun tí o rí ni kí o sọ fún mi. Kó tó tán."

Nùréènì nu ojú rẹ̀ kó lè ríran. Ó kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn, níbi tí wọ́n fa àga ìyá náà sí lọ́jọ́sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí irun.