Agbára Tó Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Láti ọjọ́ tí ìyá Clement ti pè láti Ìkàrẹ́ pé ohùn ọmọ òun ń ta ṣàràrà lórí rédíò bí ẹran inú òróró gbígbóná, Clement kò jẹ́ kí Màrdíyyàh rímú mí. Màrdíyyàh ni ẹnjiníà ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ní Ọ̀kà; Clement ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fi agbára kún un. Màmá mi ò gbọ́ mi dáadáa."

"Èyí tí à ń lò tó wa, Clement."

"Díẹ̀ báyìí náà ni."

Màrdíyyàh mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n ta ló lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kó má ṣe é? Inú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọn sáfẹ́fẹ́ ni àwọn amplifáyà tò sí, bí ìwé nínú àpótí. Àwọn ló ń sọ ohùn tín-ín-rín di alágbára kó tó gun òpó lọ. Ó mú sukudiráfà, ó yí ìdè kékeré tó ń ṣàkóso agbára wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mítà fò sókè. Clement pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ Ọlálérè, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò jìnnà sí òpó rédíò náà, ń wàásù lọ́wọ́. Ó ké tantan: "Ta ni yóò fi ayé rẹ̀ fún Olúwa lónìí?"

Ohùn Clement, tó ń polówó ọjà lórí rédíò, ló jáde láti inú gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ má jáfara o! Ewúrẹ́ tó kù ò pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá tètè dé ló ni ín!"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn akọrin ń di ikùn mú. Pásítọ̀ fi ohùn lásán parí ìwàásù, ó sì gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ tòun ti aṣọ ìgúnwà.

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń yọ létí ẹnu rẹ̀. "Ẹ bá mi lé ewúrẹ́ yín kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì mi."

Ojú ti Màrdíyyàh. "Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ó ṣí ẹ̀rọ, ooru sì lù ú lójú. Nígbà tó fi mítà wò wọ́n, ó rí i pé amplifáyà kan ló ń ru ẹrù tó yẹ kí gbogbo wọn jọ pín. Ẹrù náà ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ló bá ń da ariwo káàkiri. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí Màrdíyyàh tó fọwọ́ kàn án. Àfikún yẹn ló wá sọ ọ́ di wèrè. Ó dín tirẹ̀ kù, ó gbé àwọn ọ̀lẹ sókè díẹ̀, ó ń dúró kí mítà fara balẹ̀ kó tó tún yí òmíràn, títí ẹrù wọn fi dọ́gba. Àpapọ̀ agbára wọn kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Clement yọjú. "Ẹ ti dín in kù! Màmá mi ńkọ́?"

"Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ná."

Clement wọlé, ó ka ìròyìn, ó jáde, ó pe ìyá rẹ̀.

"Clement! Òní ni mo gbọ́ ọ ketekete," ni ìyá náà wí. "Ariwo yẹn ti lọ pátá."

Clement rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Màrdíyyàh.

"Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, ṣé bí o ṣe máa ń sáré sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ta ló ń lé ọ?"