Ọrùn Aránṣọ

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é: Aránṣọ. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, kò sáré, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Iná pupa tàn, ó tẹ bíréèkì, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọlúàbí. Ni ọkọ̀ akẹ́rù kan bá ti ẹ̀yìn wá kọ lù ú, gbàà! Orí rẹ̀ fì síwájú, ó fì sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, làwọn èèyàn bá ń kí i kú oríire. Oríire wo? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọrùn rẹ̀ ti gan, ọwọ́ ọ̀tún ti kú tìpìrì. Abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ ní í mọ̀.

Dókítà ní iṣan kan ló há sáàárín egungun ọrùn. Bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ọwọ́ á padà sípò. Bó bá pẹ́, ó di gbére. Owó iṣẹ́ abẹ náà kò sí nílé, kò sí lóko. Àwọn adójútòfò tó ń dúró fún ọkọ̀ akẹ́rù yẹn nìkan ló lè san án, lọ́yà tó gbà sì ti ń bá a lé owó gbà-má-bínú náà kiri.

Ìyá rẹ̀ kó wá bá a gbé. Ìyá ló ń de bọ́tìnì rẹ̀, òun ló ń dì í nírun. “Ìwọ tó o ní mi ò mọ irun-ún dì mọ́,” Ìyá á wí, “ó yá, sá lọ, ká rí i!” Aránṣọ á rẹ́rìn-ín, ọrùn á fà á, ẹ̀rín á di omijé.

Ọjọ́ tí lọ́yà pè é sí ọ́fíìsì, lọ́yà ò lè wo ojú rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ wa ti bà jẹ́, mà. Àwọn adójútòfò rán ọkùnrin kan wá sílé yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Kò sọ ibi tó ti wá. Ìyá yín ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀.”

Ó tẹ fóònù. Ohùn Ìyá jáde gbọnmọgbọnmọ: “Ọmọ mi? Kí ló fẹ́ ṣe é? Ara ẹ̀ dá ṣáṣá! Àárọ̀ yìí náà ló ṣì ránṣọ. Ẹ bá mi sọ fẹ́ni tó rán yín pé kò sóhun tó ṣe é!”

Háà! Aránṣọ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti kékeré ni Ìyá ti ń kọ́ wọn pé a kì í tú àìsàn ilé fún àjèjì, kí ọ̀tá má baà yọ̀. Ìyá bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí ni. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ náà ló sì kó bá a.

“Wọ́n ní irọ́ là ń pa,” lọ́yà wí. “Ká máa lọ sílé ẹjọ́ ló kù, ìyẹn á sì gba ọdún gbọọrọ.”

“Lọ́yà, dókítà ò fún ọwọ́ mi lọ́dún kankan.”

Ìyá ń retí rẹ̀ nílé. “Kí ni wọ́n wí?”

“Wọn ò ní san án mọ́, Màámi. Ẹnì kan ló sọ fún wọn pé ara mi ti dá.” Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú.

Ìyá dìde fùú. Ó bọ́ sáàárín yàrá, ó kúnlẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀. “Ẹnì kan? Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀bẹ̀! Ẹni tó ba tọmọ mi jẹ́ yìí, kò ní í rójúure! Bí ọwọ́ ọmọ mi ṣe kú yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ onítọ̀hún á…”

Kò sí àdúrà Ìyá tí Aránṣọ kì í ṣe àmín sí. Ṣùgbọ́n ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ọrùn ro ó gidigidi, kò bìkítà.

“Ẹ má ṣépè, Màámi! Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣépè!”

Ìyá já ẹnu gbà. “Ó ba ayé ẹ jẹ́, o tún ń gbà á sílẹ̀? Ta ni?”

Aránṣọ ń sunkún. Ó tún na ọwọ́ òsì, ó sì di ẹnu ìyá rẹ̀ mú.