Ìsúfèé Káfíńtà

Nígbà tí àwọn jàgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í já báàgì gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa, àwọn ọkùnrin àdúgbò pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, olúkúlùkù á lọ pàdé àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, níbi tí iná wà, kò sì gbọdọ̀ yọ fóònù síta, torí fóònù gan-an ni wọ́n ń wá. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹni tó bá kàn pe orúkọ rẹ̀, torí ọ̀kan nínú àwọn jàgùdà ti pe ìyá kan lórúkọ rí, ó ní ọmọ rẹ̀ ló rán òun wá mú un. Nítorí náà, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi àwọn tó ń lọ pàdé. Ẹnì kan á wúkọ́, ẹnì kan á fi igi lu ògiri. Ti Káfíńtà, ó ń súfèé.

Ètò tó dára ni. Aránṣọ, ìyàwó Káfíńtà, gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí i. Kò mọ̀ pé Onídìrí ni wọ́n máa pín fún ọkọ òun.

Onídìrí yìí kò tíì pẹ́ ládùúgbò. Kò lọ́kọ, kò lọ́mọ, awọ ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kí ló kù téèyàn ń wá kó tó jowú? Síbẹ̀ Aránṣọ fara dà á, àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó jókòó sídìí maṣínní lójú fèrèsé, tó gbọ́ irú orin tí ọkọ rẹ̀ ń súfèé. Abẹ́rẹ́ gún un níka. Orin yẹn ni ọkọ rẹ̀ máa ń súfèé nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, tó bá ń kọjá lẹ́yìn ilé ìyá Aránṣọ. Á súfèé ìdajì, òun náà á sì súfèé ìyókù padà fún un láti inú yàrá. Orin àwọn méjèèjì ni. Kò sẹ́ni kẹta tó mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọ ilé. Bí ọkọ rẹ̀ bá fá irùngbọ̀n, ó di ẹjọ́. Bó bá pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì kó tó jáde, Aránṣọ á béèrè bóyá àwọn jàgùdà ló fẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe gún régé. Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní kí ni òun ṣe. Ẹ̀rín yẹn ló ń bí i nínú jù. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Ti Aránṣọ kò tilẹ̀ dé ètè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ dá Káfíńtà dúró, ó pẹ́ kó tó wọlé. Bó ti ń gbọn èérún igi kúrò lórí, ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá Onídìrí ti bá àwọn tó ṣáájú kọjá. Aránṣọ kò gbójú sókè kúrò lórí aṣọ tó ń rán.

"Ó ti kọjá," ló wí. "Ojú mi báyìí ló ṣe."

Ọkọ rẹ̀ dúpẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti oúnjẹ. Inú Aránṣọ dùn, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín. Ó tilẹ̀ bu ẹran kún ti ọkọ rẹ̀. Kí Onídìrí náà dúró de ọkọ ọlọ́kọ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó, ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tiwa yìí kò lọ títí ọbẹ̀ fi tutù. Aránṣọ bojú wòta, ó rí i pé iná ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì lópin ọ̀nà ti kú.

Iná yẹn nìkan ni ààbò ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá sọ fún ọkọ rẹ̀, irọ́ á tú. Tí kò bá sọ ńkọ́? Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ lọ fún oníbàárà kan láṣọ, ó sì jáde láìmú aṣọ kankan lọ́wọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-iṣẹ́ náà, ó rí báàgì kan tí wọ́n ti tú, òòyà àti òwú ìdirun fọ́n ká sílẹ̀. Ọkùnrin méjì jókòó sórí alùpùpù lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń retí ẹni tó sá pa mọ́. Aránṣọ fẹ́ pe Onídìrí, ó rántí pé ẹni tí wọ́n bá kàn pè lórúkọ kò gbọdọ̀ dáhùn. Orin nìkan ló kù, orin tó kórìíra jù láyé. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Ó lá ètè, ó gbìyànjú, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún lá ètè, orin náà sì jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Onídìrí yọ lẹ́yìn òkìtì iyanrìn, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sáré wá dì mọ́ ọn. Aránṣọ tan tọ́ọ̀ṣì sójú àwọn ọkùnrin náà, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké olè, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, alùpùpù sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Onídìrí kò tíì fi í sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. "Bùrọ̀dá ní orin kan ṣoṣo tí àwọn mọ̀ láyé nìyẹn, èèyàn kan péré ló sì tún mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní tí mo bá gbọ́ ọ tí kì í bá ṣe àwọn, ìyàwó àwọn ni, kí n má bẹ̀rù, kí n sáré lọ bá a."

Ojú ti Aránṣọ débi pé ó yí tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀, kí iná má bàa dé ojú òun.

Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ rẹ̀ dìde nídìí oúnjẹ. Ó wo orúnkún Onídìrí, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, ṣebí o ní ó ti kọjá?"

Onídìrí ló yára dáhùn, ó ní bóyá ẹni tó jọ òun ni ẹ̀gbọ́n rí, ilẹ̀ ṣáà ti ń ṣú. Ìyẹn gan-an ni Aránṣọ kò lè gbé mì.

"Mi ò rí ẹnì kankan," ló wí. "Mo parọ́ ni. Torí orin yẹn."

Káfíńtà kò pariwo. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sin Onídìrí lọ sílé. Aránṣọ dúró lójú fèrèsé títí ó fi rí iná tọ́ọ̀ṣì náà tó ń padà bọ̀. Ó súfèé ìdajì orin náà. Iná náà dúró. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, kò sì sí ìdáhùn.