Àpótí Ẹsẹ̀ Kan fún Èmi àti Drusilla

Ọdún kọkànlá rèé tí èmi àti àbúrò mi, Drusilla, ń gbé inú ilé kan náà láìbá ara wa sọ̀rọ̀. Bó bá ní ohun tó fẹ́ kí n mọ̀, ẹṣin ló máa ń sọ ọ́ fún. "Sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ pé iyọ̀ ti tán." Èmi náà á ní, "Ẹṣin, sọ fún un pé mo ti rí i." Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ní Vermont níbí, ó yá wa lára ká kú ju ká tọrọ àforíjì lọ.

Èmi ni mo jẹ̀bi, kí n má purọ́. Amos Pratt ń wá fẹ́ ẹ nígbà náà. Mo wá sọ lójú ọkùnrin náà pé bí Drusilla bá yan páì ápù, ajá ò ní fẹnu kàn án. Ẹ̀fẹ̀ ni mo pè é. Amos rẹ́rìn-ín, ó jẹ páì tí Drusilla gbé ka iwájú rẹ̀ tán, kò sì padà wá mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó ń kó wa jọ, àpótí amẹ́sẹ̀gbóná tí ìyá wa fi sílẹ̀. Irin ni, wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì pupa bo orí rẹ̀, bíríkì èédú tó ti pọ́n, èyí tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ tí kì í rú èéfín, là ń kì sínú rẹ̀. Orúkọ Pellum àti Ọmọ, àwọn tó ń rọ àáké àti ìṣó, tí wọ́n sì ń ṣe bíríkì náà, wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ìgbà òtútù, a ó gbé e sínú ọkọ̀ orí yìnyín, ẹṣin á fà wá ní máìlì mẹ́rin dé ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì tún gbé e wọlé sábẹ́ àga ìdílé wa. Àpótí náà kò fẹ̀. Bàtà Drusilla á fara kan tèmi, kò ní yẹra, èmi náà ò ní yẹra. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti máa ń retí ẹ̀. Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ lo ọdún mọ́kànlá láìsí ẹni tó fara kàn yín ná, kí ẹ tó wá bá mi jiyàn.

Ìgbà tí òtútù ọdún yìí mú, mo lọ ra bíríkì lọ́dọ̀ Wilbur Cobb tó ni ṣọ́ọ̀bù.

"Arábìnrin Orpha, bíríkì ti tán o. Pellum ò ṣe é mọ́. Mọ́tò ni gbogbo ayé ń gùn báyìí."

"Gbogbo ayé wo? Èmi kì í ṣe ara ayé ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jà. Ẹ kọ̀wé sí wọn."

Bíríkì mẹ́ta ló kù nílé. Mo dán èédú ààrò wò lọ́jọ́ kan, èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, Drusilla sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo kọ̀wé sí Pellum, mo bú wọn dáadáa. Mo ní àgbà obìnrin méjì ni wá, àpótí kan ṣoṣo la jọ ń fẹsẹ̀ lé, kí wọ́n wá bíríkì fún wa níbikíbi tó bá wà. N kò sọ ìdí tí mo fi ń wá a. Ojú tì mí.

Ẹrù kan dé. Ọ̀gá ibẹ̀ kọ̀wé tútù: bíríkì ò sí mọ́, ṣùgbọ́n àánú wa ṣe òun. Ó wá fi agolo idẹ pẹlẹbẹ méjì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà máa fún ara rẹ̀ mọ́ nítorí ẹnì kejì.

Háà! Ta ló bẹ̀ yín ní oore yìí?

Drusilla ń fún wàrà lọ́wọ́. Kíá ni mo ri agolo kan mọ́ inú oúnjẹ ẹṣin, mo sì ju lẹ́tà náà sínú iná.

Nígbà tí bíríkì tán, mo rọ omi sínú agolo tó kù, mo gbé e sí àárín ọkọ̀ gẹ́lẹ́. Mo ti pinnu pé bí ẹsẹ̀ wa bá ti kan ara wọn, màá la ẹnu mi, màá bẹ̀ ẹ́. Drusilla gòkè, ó wo ilẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó yọ káàdì kan láti inú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Pellum ló fi ránṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló sì bọ́ sí lánàá. Wọ́n ń béèrè bóyá agolo méjèèjì dé láìfọ́.

Ó yíjú sí mi, kì í ṣe sí ẹṣin. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti darúgbó.

"Tèmi dà?"

"Drusilla, páì ọjọ́ náà—"

"Mo ní tèmi dà, Orpha?"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo wú u jáde, mo nù ún, mo rọ omi sí i, mo gbé e fún un. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó sì fi aṣọ bo orúnkún. Lójú ọ̀nà ni mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, láti orí Amos títí dórí irọ́ agolo. Páì yẹn dùn, mo sọ ìyẹn náà. Mo sunkún. Mo ní kó dárí jì mí.

"Mo ti gbọ́," ló wí.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé agolo rẹ̀ mọ́ra, ó sì lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn Cobb. Èmi nìkan ni mo jókòó sí àga ìdílé wa.