Ohùn Mẹ́ta Lórí Riddim Bàbá Mi

"Password ńkọ́?"

Uncle Déolú ti ká wáyà laptop bàbá mi mọ́wọ́ kó tó béèrè. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí a ti sin bàbá mi, Akínjídé, àbúrò rẹ̀. Kò tíì béèrè bóyá a ti jẹun.

Màmá wò mí. Mo wolẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo kàn fẹ́ bá yín tọ́jú ẹ̀ ni. Ní Stockbridge yìí, nílùú òyìnbó, ta ló mọ ẹni tó lè wọlé wá jí i?"

"Láti ìgbà tí a ti sìnkú dé, ẹ̀yin nìkan lẹ wọlé, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé e lọ.

Inú laptop yẹn ni riddim wà. Ọdún méjì ni bàbá mi fi ṣe é ní basement wa, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwòsàn: ìlù dancehall kan ṣoṣo, irú orin ijó àwọn ará Jamaica, tí olórin kọ̀ọ̀kan á gbé ọ̀rọ̀ ìyìn tirẹ̀ lé lórí. Àwa mẹ́ta la ti gbóhùn lé e: Bọ̀dá Shittu tó ń wa trailer ní Douglasville, Joanna, nọ́ọ̀sì ọmọ Jamaica, àti èmi, tí ẹnu mi máa ń wúwo bí èèyàn bá ti pé mẹ́rin. Inú wardrobe ni mo ti kọ tèmi, láàárín àwọn kóòtù bàbá mi.

Màmá pe ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Ara fu ú, ó sì sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ ni," ni Màmá àgbà dáhùn. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n ní o yájú."

Màmá bá fi password ránṣẹ́ sí Uncle Déolú, pẹ̀lú voice note: "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ wà o."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Bọ̀dá Shittu pe Màmá.

"Aunty Fẹ́yìsayọ̀, ẹ mà láàánú o, tí ẹ gbà kí Uncle Déolú ní riddim yẹn."

"Ta ló gbà?"

"Wọ́n ní àwọn gan-an ló ṣe é, pé ọkọ yín kàn bá wọn tẹ computer ni. Mo ní irọ́ ni. Ni wọ́n bá jẹ́ kí èmi àti Joanna gbọ́ ohùn yín: ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ wà. A bá sáìn ìwé tí wọ́n gbé wá, pé àwọn ló ni ín."

Màmá rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Tẹ́ní, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ ọ́, mà. Ọpẹ́ lẹ ń dú."

Ní Friday, riddim jáde. Orúkọ Déolú ló wà lókè. Ohùn Bọ̀dá Shittu wà níbẹ̀, ti Joanna wà níbẹ̀. Wọ́n ti yọ tèmi. Hephzibah, ọmọ Uncle, ló ń fi ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ kọrin.

Ní Sunday, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Morrow, pásítọ̀ ní kí opó bọ́ síwájú, kó wá kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kú oríire. Màmá lọ. Uncle ti na ọwọ́ sísàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbé e lé orí ẹni tó kúnlẹ̀.

Màmá dúró gbọnrangandan.

"Akínjídé ló ṣe é," ló wí. Microphone ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ láti ìlà kẹta.

"Ẹ kúnlẹ̀, mà," ni pásítọ̀ sọ jẹ́jẹ́.

Kò kúnlẹ̀.

Níta, níbi tí a gbé ọkọ̀ sí, ìyá ìjọ di Màmá lápá mú. Kò béèrè ẹni tó ṣe riddim.

"Gbogbo wa la ti sin èèyàn rí, Fẹ́yìsayọ̀. Ọ̀fọ̀ kì í ṣe ìwé àṣẹ àfojúdi. Kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, lọ bẹ̀ ẹ́."

Uncle Déolú ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, riddim ń dún gbọ̀n-ọ́n. Bí ìyá ìjọ ṣe ń bá ìyá mi wí, bẹ́ẹ̀ ni èjìká ìyá ìjọ fúnra rẹ̀ ń jó sí riddim bàbá mi.