Orúkọ Méjì Lórí Ìwé Owó Orí Kan

Arvilla Pelkey ló máa ń bá gbogbo ẹbí rẹ̀ ṣe ìwé owó orí. Iṣẹ́ tó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn lórí ẹ̀ ní èbúté wa níhìn-ín ní Maine, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí Lowell, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gbé Nadine níyàwó, òun náà ló ṣe tiwọn: ti ọkọ lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló tún ṣe é lọ́dún kejì. Wọ́n ń pàdánù sí i, torí owó orí tọkọtaya tó bá kọ ọ́ pa pọ̀ máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nadine mọ̀, ó kàn panu mọ́ ni.

Gbogbo ìlú ló mọ ìdí tí Arvilla fi ń yà á sọ́tọ̀. Ọkọ tí Nadine kọ́kọ́ fẹ́ fi owó pamọ́ kó má bàa san owó orí lé e, ó sì sá lọ. Torí pé àwọn méjèèjì ló jọ fọwọ́ sí ìwé náà, ọrùn Nadine ni gbèsè náà já lé. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bó alákàn ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi san án tán.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, gbogbo ẹbí ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ sísun nílé Arvilla. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bi Nadine léèrè ìgbà tí wọ́n máa ra ilé tiwọn.

Arvilla já a gbà lẹ́nu rẹ̀. "Ilé wo? Lójú ìjọba, bí ẹni jọ háyà yàrá ni wọ́n rí. Èmi ni mo rí sí i. Ọmọ mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ ti orúkọ tó ti dọ̀tí."

Nadine gbé fọ́ọ̀kì ẹ̀ kalẹ̀. "Màmá, orúkọ mi mọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi fọ̀ ọ́."

"O fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Kò tíì gbẹ ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Nadine wo ọkọ rẹ̀. Àwo oúnjẹ ni Lowell ń wò.

Nínú ọkọ̀, Lowell ní, "O ṣáà mọ bí Màmá ṣe rí."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe rí. Ìwọ ni mi ò mọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, Nadine nìkan lọ sí ilé ìkàwé, níbi tí tíṣà àgbà kan, Ọ̀gbẹ́ni Alley, ti ń bá èèyàn ṣe owó orí lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ lè yí ìwé yín méjèèjì padà sí ẹyọ kan," ni Alley wí. "Òfin ṣì gbà á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pa á pọ̀, ẹ ò lè yà á mọ́. Tí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ló ni ín. Ọkọ yín náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

Nadine fọwọ́ sí tiẹ̀, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì ilé ìdáná, kò sì sọ nǹkan kan fún Lowell.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé etí Arvilla. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba etí omi lọ bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń to ìgèrè sínú ọkọ̀ ojú omi.

"Lowell! Orí ẹ pé ṣá? Tó o bá fi lè fọwọ́ sí nǹkan yẹn, kò ṣeé yí padà mọ́ o!"

Gbogbo apẹja tó wà níbẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Torí pé kò ṣeé yí padà náà ni mo ṣe fọwọ́ sí i, Màmá. Kí n tó jáde nílé láàárọ̀ yìí ni."

"Nítorí obìnrin yẹn?"

"Nadine lorúkọ ẹ̀. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ Àjíǹde, ojú ń tì mí di ìsinsìnyí. Mi ò ní dákẹ́ fún yín mọ́."

Arvilla yíjú padà, ó lọ.

Nígbà tí Nadine jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ó rí orúkọ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ tiẹ̀ lórí ìwé náà, gàdàgbà, bíi ti ọmọ ilé ìwé. Ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó wá gbé ìwé náà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Arvilla ò fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, Nadine gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹja lọ bá a. Arvilla jẹ́ kó wọlé, ó sì jókòó ti ìkòkò náà.

"Ta ló máa wá ṣe tọdún yìí fún yín?"

"Àwa méjèèjì ni."

"Ẹ máa bà á jẹ́."

"A ó jọ bà á jẹ́ ni, Màmá. Ẹ jẹun, kó má tutù."